Ìkọ́ Ẹ̀yìn Mọ́tò Bàbá Onígẹdú

Ìyá Ìbejì, ẹ fi àga yẹn jókòó, èlùbọ́ kò níí sá lọ. Ṣé ẹ ti rí nǹkan tí Bàbá Onígẹdú gbé wọ ìlú? Ẹ̀yin nìkan ló kù ní gbogbo Ọ̀tan Ayégbajú tí kò tíì rí i. Lọ́jọ́ tó wọlé, aránṣọ fi bùbá oníbàárà sílẹ̀, ó sáré jáde, ewúrẹ́ sì jẹ apá kan lára rẹ̀. Àwọn àgbà tó ń ta ayò lábẹ́ igi dìde lọ wò ó. Nígbà tí wọ́n padà, kò sẹ́ni tó rántí ẹni tí ayò kàn mọ́, ìjà ọ̀hún kò sì tíì parí títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Mọ́tò sójà ni. Mọ́tò sójà pọ́ńbélé, aláwọ̀ ewé, imú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, táyà rẹ̀ ga, èèyàn gbọ́dọ̀ gun irin kí ó tó dé orí àga awakọ̀. Àwọn kan ti ń wá ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n tó rí i pé ọmọ ilé wa ló jókòó sídìí rẹ̀, tó ń juwọ́ sọ́tùn-ún sósì.

Ẹ mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ló kọjú sí ìsọ̀ mi. Kì í ṣe pé mò ń ṣọ́ ẹnikẹ́ni o. Ibi tí Ọlọ́run fi ìsọ̀ mi sí ni mo jókòó sí. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, púpọ̀ rẹ̀ ló ṣojú mi, èyí tí kò bá sì ṣojú mi, ẹni tó ṣojú rẹ̀ ló wá ra èlùbọ́ lọ́wọ́ mi.

Agbégilódò àtijọ́ tí Bàbá Onígẹdú ń lò ti dákẹ́ lẹ́yìn ilé rẹ̀, adìẹ ti ń yé sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti ń háyà ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ láti kó pákó lọ sí Òṣogbo, èrè rẹ̀ sì ń bọ́ sápò ẹlòmíràn. Ìyáálé rẹ̀ sọ fún mi (ẹ má dárúkọ mi o) pé ilẹ̀ kan ló tà kí ó tó forí lé Kùtọnu. Iye tó ra mọ́tò náà, oríṣi mẹ́ta ni mo ti gbọ́, ẹnu òun náà ni gbogbo rẹ̀ sì ti jáde. Èyí tó sọ fún ìyáálé ló kéré jù. Èyí tó sọ fún ẹgbẹ́ onígẹdú ga díẹ̀. Èyí tó sọ fún àbúrò rẹ̀ tó wá yáwó ló ga jù lọ.

MAN ni mọ́tò náà. Gbogbo wa la mọ MAN, ṣebí òun ni tipa tó ń kó yanrìn àti òkúta kiri. Ilé-iṣẹ́ yẹn náà ni Rudolf Diesel ti kọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ní Augsburg, tó sì ṣiṣẹ́ dáadáa ní 1897. Ẹ ò rí i pé orúkọ èèyàn ni gbogbo wa ń rà sínú jálá. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ Ọ̀tan yìí, àwọn ọmọ ogun Jámánì ni wọ́n ṣe é fún, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó fún wọn ní 1976. Ọmọ Ìyá Alákàrà tó wà ní Hamburg ló ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lórí WhatsApp, ìyá rẹ̀ sì gbé fóònù wá síbí kí gbogbo wa jọ gbọ́. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn, bí sójà bá ti lo mọ́tò fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kì í fi sílẹ̀ fún ìpẹtà. Ilé-iṣẹ́ ìjọba kan wà ní Frankfurt, VEBEG lorúkọ rẹ̀, láti 1951 ló ti ń ta ohun tí ìjọba kò lò mọ́ fún ẹni tó bá dá owó tó pọ̀ jù. Òyìnbó tó fẹ́ sọ mọ́tò di ilé kí ó máa gbé e rìnrìn àjò yóò rà á. Oníṣòwò tó mọ ọ̀nà Kùtọnu náà yóò rà á.

Ẹ wá gbọ́ ti omi. Ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì gbé kẹ́ẹ̀gì omi, ó ń wá ibi tí yóò dà á sí. Ó wo iwájú, kò rí radiétọ̀. Ó wo ẹ̀yìn orí mọ́tò, ó rí ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, kò rí ojú omi. Ó yí mọ́tò náà po, ó tún yí i po. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ti rẹ́ yín jẹ! Wọ́n ti yọ radiétọ̀ rẹ̀ tà ní bọ́dà Sẹ̀mẹ̀!" Bàbá Onígẹdú káwọ́ lérí. Ó tẹ ẹni tó ta mọ́tò fún un láago, ó ń fi Yorùbá bú u, onítọ̀hún ń fi Ègùn dáhùn, àwa ń fi etí kó o. Bàbá Sójà ló gba gbogbo wa. Ó rọra dé, ó fi ọ̀pá kan ẹ́ńjìnnì náà, ó ní Deutz ni, sílíńdà mẹ́jọ, afẹ́fẹ́ ni fáànù rẹ̀ ń fẹ́ sí i lára, kò mu omi rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rọ ọ́. Ọmọṣẹ́ náà fi omi ọ̀hún bọ́jú, ó wọ abẹ́ mọ́tò mìíràn lọ.

Bàbá Sójà yìí, bí ẹ bá fún un láyè, Làìbéríà ni yóò gbé yín lọ. Ó wà lára àwọn tó bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ECOMOG wọ Monrovia ní 1990, mọ́tò ló sì wà níbẹ̀. Bàbá tó bí i náà lọ Bọ́mà nígbà ogun Hitler, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ mọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn yẹn? Wọ́n kó àwọn ọmọ wa sọ́kọ̀ ojú omi, ó di Bọ́mà, ní ogun tí gbogbo ayé ń fi mọ́tò àti bàlúù jà. Nígbà tí wọ́n dé àfonífojì Kaladan ní 1944, mọ́tò kò rí ọ̀nà gbà, orí ni wọ́n fi ru ẹrù, bàlúù ń ju oúnjẹ sí wọn láti òkè. Orí tí wọ́n fi ń ru iṣu nílé náà ni wọ́n gbé lọ ru ọta ìbọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ mọ́tò wíwà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, nígbà tí wọ́n dé, ọ̀pọ̀ wọn kò mú ọkọ́ mọ́. Ìdí bọ́lẹ̀kájà ni wọ́n jókòó sí. Nílùú Ọba pàápàá, mọ́tò ogun kò ráyè sinmi. AEC Matador tí wọ́n fi ń fa ìbọn àgbà, ọwọ́ àwọn onígẹdú Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ rẹ̀ bọ́ sí lẹ́yìn 1945, ó ń wọ́ ìtì igi jáde nínú igbó. Nítorí náà, Bàbá Onígẹdú kọ́ ló kọ́kọ́ ro irú èrò yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ẹ bá gbọ́ bí ó ṣe ń sọ ọ́, ẹ ó ní ojú àlá ni wọ́n ti fi hàn án.

Ti ọ̀dà kò gùn. Bàbá Sójà ní bí Bàbá Onígẹdú bá gbé àwọ̀ ewé yẹn dé ibi àyẹ̀wò sójà, wọn yóò kọ́kọ́ ní kí ó kúnlẹ̀ kí wọ́n tó béèrè ìwé. Ó kùn ún ní àwọ̀ búlúù. Ìyáálé ní òfì aláwọ̀ búlúù tí òun béèrè láti ọdún ìkórè kò tíì dé, mọ́tò ti rí tirẹ̀ gbà.

Níbo ni mo bọ́rọ̀ dé? Ìkọ́. Ìkọ́ ni mo fẹ́ sọ láti àárọ̀.

Mọ́tò nìkan kò tó Bàbá Onígẹdú. Díísù ti wọ́n, ó fẹ́ kí ìrìn kan ṣe iṣẹ́ ìrìn méjì. Tírélà kan wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, kì í ṣe irú èyí tó ń dí ọ̀nà Àpápá o, ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí katakata máa ń fà lóko. Oko ìjọba àtijọ́ kan ló ti rà á, ọ̀kan lára àwọn oko tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í dá ní 1959, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955 ti mú kí àwọn ọmọ tó jáde ìwé mẹ́fà pọ̀ rẹpẹtẹ tí wọn kò ríṣẹ́. Ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni wọ́n ti wo àpẹẹrẹ rẹ̀. Wọ́n fún àwọn ọmọ ní ilé, ilẹ̀ àti ẹ̀rọ, wọ́n ní kí wọ́n fi iṣẹ́ oko di ọ̀gá. Èwo nínú wọn ló dúró? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Tírélà ló ṣẹ́ kù fún Bàbá Onígẹdú.

Wọ́n sún mọ́tò mọ́ tírélà, wọ́n rí i pé àwọn méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́. Ẹ̀yìn mọ́tò sójà ní ẹnu irin ńlá kan. Bí ọ̀rùka tírélà bá ti wọ inú rẹ̀, irin kan a já sílẹ̀ fúnra rẹ̀, gbàgà, ó ti há a. Ṣùgbọ́n ẹnu náà ga tó ìbàdí mi, ọ̀rùka tírélà katakata kò sì kọjá orúnkún. Ihò ọ̀rùka náà tún fẹ̀ ju irin yẹn lọ, gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá pààrọ̀ gíà ni yóò máa gbá ara rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́fà gbé imú tírélà sókè tipátipá, wọ́n fi kọ́ ọ. Imú gòkè, ìdí ń wọ́lẹ̀. Bí ẹ bá di pákó sí i báyẹn, ẹ̀yìn ni gbogbo rẹ̀ yóò yọ̀ lọ, ìdí yóò wúwo ju imú, ẹrù náà yóò sì máa gbé ẹ̀yìn mọ́tò kúrò nílẹ̀. Bàbá Sójà ní imú ló yẹ kí ó wúwo díẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ẹrù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tírélà yóò máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú títì. Ó ní nílẹ̀ òyìnbó, àwọn orílẹ̀-èdè NATO ti fẹnu kò lórí ìwọ̀n ìkọ́ kí mọ́tò orílẹ̀-èdè kan lè fa ẹrù òmíràn lójú ogun. Mẹkáníìkì ní, "Bàbá, NATO kò pe katakata sí ìpàdé."

Ibí ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Jórinjórin ti gbé iná dé. Ó ní kí wọ́n kúrò lọ́nà, òun yóò jó irin mọ́ ìdí ṣáásì, òun yóò jó ìkọ́ mọ́ irin, kí oòrùn tó wọ̀ ó ti parí. Bàbá Sójà fi ọ̀pá dábùú ẹ̀yìn mọ́tò. Ó ní ẹnikẹ́ni kò ní fi iná kan ṣáásì yẹn níṣojú òun. Jórinjórin ní ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, òun tí òun jó géètì ààfin? (Irọ́ ni. Géètì ilé ẹ̀yìn ààfin ló jó.) Bàbá Sójà ní géètì kì í fa pákó. Irin ṣáásì kì í ṣe irin géètì. Bí iná bá kàn án, ibi tó kàn a rọ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú ìjó náà ni yóò ti kọ́kọ́ là. Kò ní là lónìí. Ọjọ́ tí ẹrù bá pọ̀ tí ọ̀nà sì burú ni yóò là.

Wọ́n kígbe títí tí mo fi ta èlùbọ́ tán, torí gbogbo àwọn tó wá wòran ló rà. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kí Jórinjórin jó tirẹ̀ sílẹ̀, níwájú ìsọ̀ mi níbí, kí wọ́n tó fi bọ́ọ̀tì dè é mọ́ mọ́tò, ní ihò tí òyìnbó ti lu sílẹ̀ fún ìkọ́ ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n gé irin tó nípọn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì, èyí tó wà láàárín sì sọ̀ kalẹ̀ títí tí ìkọ́ tuntun fi dọ́gba pẹ̀lú ọ̀rùka. Bàbá Sójà ní kí ìkọ́ náà máa yí po lórí ìdúró rẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn sójà rí: bí tírélà bá dojú dé, ìkọ́ yóò bá a yí, kò ní dojú mọ́tò dé pẹ̀lú rẹ̀. Ṣéènì méjì tún wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi wọ́n dábùú ara wọn, kí imú tírélà rí ibi bọ́ sí bí ìkọ́ bá já. Mo gbà pé Jórinjórin mọṣẹ́, bí kò tilẹ̀ san owó àmàlà tó jẹ lọ́wọ́ Ìyá Olóúnjẹ láti oṣù tó kọjá.

Ti bọ́ọ̀tì lẹ ó gbọ́. Mẹkáníìkì ní orí bọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, 8.8 ó kéré tán, 10.9 bó bá ṣe é ṣe. Èyí tórí rẹ̀ mọ́ láìní nǹkan kan, ti gbígbé páànù ni. Wọ́n fún ọmọ àbúrò Bàbá Onígẹdú lówó kó lọ sí Aráròmí, ní Géètì, n'Ìbàdàn. Ó lọ, ó bọ̀, ó kó bọ́ọ̀tì dé nínú láílọ́ọ̀nù, ó ń dán gbinrin. Mẹkáníìkì gbé ọ̀kan sójú oòrùn. Orí rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó gbé òmíràn. Ó mọ́. Ọmọ náà ní bóyá òjò ti fọ nọ́ńbà ọ̀hún dànù. Lọ́jọ́ kejì ni mo rí i tó wọ bàtà tuntun kọjá níwájú mi, mo kí i kú ọ̀nà Ìbàdàn. Bàbá Onígẹdú fúnra rẹ̀ ló padà lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n so ó, ariwo sọ. Wọ́n fa tírélà lófìfo dé Ẹ̀ripa, wọ́n sì fà á bọ̀. Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé e, Bàbá Onígẹdú pín bisikíìtì. Bó ṣe di ìrọ̀lẹ́, rìwáyà so iná ẹ̀yìn tírélà mọ́ ti mọ́tò, gílóòbù tàn wàà, ó sì kú. Ó fi òmíràn sí i, ìyẹn náà kú. Mọ́tò náà ń lo fólítì 24, gílóòbù katakata kò ju 12 lọ. Rìwáyà ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, òun kàn fẹ́ dán an wò ni. Owó gílóòbù ta ni ó fi ń dán nǹkan wò?

Ní gbogbo àsìkò yìí, ẹ gbọ́, fífà ni gbogbo wọn ń sọ. Tọ́ọ̀nù mélòó ni yóò fà, òkè wo ni yóò gùn, agbégilódò ta ni yóò fi sẹ́yìn. Ìyàwó kékeré ló wá gbé oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ Ìrẹsì ni, orí òkè ni wọ́n bí i sí. Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó wo tírélà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, kí ni yóò mú èyí tó wà lẹ́yìn dúró?"

Kẹ́kẹ́ pa. Jórinjórin wo mẹkáníìkì, mẹkáníìkì wo Bàbá Sójà, Bàbá Sójà wo ọ̀pá rẹ̀. Tírélà katakata kò ní búréèkì kankan. Kí ni yóò fi ṣe? Katakata kì í sáré. Ẹ sì mọ ilẹ̀ wa. Ibi tí kì í bá ṣe òkè ní Ọ̀tan, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni. Bí ẹ bá di pákó tútù kún un, tí mọ́tò bá tẹ búréèkì tirẹ̀, ẹrù ẹ̀yìn kò mọ̀ pé wọ́n ti dúró. Yóò máa tì í bọ̀. Bó bá jẹ́ ojú kọ́nà ni, yóò ti ìdí mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn méjèèjì yóò ká mọ́ra wọn.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ìdáhùn ti wà lẹ́yìn mọ́tò náà láti ọjọ́ tó ti wọlé. Orí páìpù méjì ni, ọ̀kan pupa, ọ̀kan yẹ́lò, wọ́n fi ìdérí dé wọn; àwọn ọmọ mi ti ń fi ìdérí yẹn ṣeré. Atẹ́gùn ló ń gba inú wọn. Ti yẹ́lò ló ń sọ fún tírélà pé awakọ̀ ti tẹ búréèkì. Ti pupa ń gbé atẹ́gùn fún un nígbà gbogbo, bó bá sì já, tírélà yóò di ara rẹ̀ mú láìdúró de ẹnikẹ́ni. Lára rélùwéè ni ọgbọ́n náà ti wá. Láyé àtijọ́, àwọn èèyàn ló máa ń rìn lórí wágónù ilẹ̀ òyìnbó láti fi ọwọ́ yí búréèkì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ló já bọ́ kú. Ará Amẹ́ríkà kan, George Westinghouse, ló gbé búréèkì atẹ́gùn jáde ní 1869, kò sì pẹ́ tó fi tún un ṣe, tó fi jẹ́ pé bí páìpù bá já, ọkọ̀ yóò dúró dípò kó máa sá lọ. Rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, ẹrù tó ń fà sì gùn ju ti Bàbá Onígẹdú lọ fíìfíì. Ta ló rántí? Ìkọ́ ni gbogbo wọn ń jó yí ká.

Ó wá di pé kí wọ́n wá ásù ẹlẹ́búréèkì atẹ́gùn fún tírélà, kí wọ́n yọ ti katakata sọnù. Bàbá Onígẹdú bínú, ó ní obìnrin kò gbọdọ̀ máa dá sí ọ̀rọ̀ irin. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, pákó tó bá gba orí mọ́tò nìkan ló ń kó, tírélà wà lórí búlọ́ọ̀kù. Ní alẹ́ ọjọ́ Àlàmísì, mo rí òun àti ìyàwó kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, obìnrin náà ń nàka, ó ń mi orí. Ìyáálé kò tíì gbọ́. Èmi kọ́ ni yóò sọ fún un.

Wọ́n ní ásù ti dé láti ọjà Ládípọ̀ láàárọ̀ yìí. Iye rẹ̀? Ẹ dákẹ́ ná, Ìyá Alákàrà ló ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, ìsọ̀ rẹ̀ ni awakọ̀ tó gbé e wá ti jẹun. Ẹ sún fún un kó jókòó.